Etí Ló Ń Jí Wa, Kì í Ṣe Imú

Ṣé ẹ jíire? Ìbéèrè yìí ni à ń bi ara wa kí a tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, yálà a wà ní Ọ̀yọ́ tàbí a wà ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Jíjí ni à ń béèrè, nítorí jíjí kì í ṣe ohun kékeré. Mo fẹ́ kí a jọ wo bí ojú, etí, imú, ẹnu àti ara ṣe ń jí, torí pé wọn kì í jí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òmíràn á ti jí, òmíràn á ṣì máa sùn. Ibẹ̀ ni ewu wà fún àwa tí à ń se àgbo, tí a sì ń tan iná sí ojú òrìṣà.

Ohun tó mú mi kọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, tó ti lé ní ẹni 70 ọdún. Nígbà òtútù tó kọjá, ara ń ro ó, ó gbé ìkòkò àgbo ka iná gáàsì ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Egbò àti ewé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti ilé ló wà nínú rẹ̀. Ó jókòó sórí àga nínú yàrá tó kángun sí ilé ìdáná kí ó lè máa ṣọ́ ọ, oorun sì gbé e lọ. Omi gbẹ, ewé jóná, èéfín kún ilé ìdáná títí dé òkè àjà. Ìyá kò jí. Aládùúgbò òkè tó gbọ́ igbe aláàmù èéfín ló sáré wá gbá ilẹ̀kùn gbàgbàgbà, gbígbá yẹn ló sì ta ìyá jí. Ìkòkò nìkan ló bàjẹ́, a dúpẹ́.

Nígbà tí mo lọ kí wọn, ohun tí wọ́n bi mí nìyí: “Àbúrò, imú mi kò ṣàìsàn o. Bí wọ́n bá ń dín ẹja ní ilé kẹta, mo máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Báwo ni ewé ṣe jóná lẹ́bàá mi tí n kò gbọ́?”

Mo ní, “Ìyá, imú yín kò ní àrùn kankan. Oorun lẹ ń sùn.”

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kò ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú èdè wa, a máa ń sọ pé a gbọ́ ohùn, a sì tún máa ń sọ pé a gbọ́ òórùn. Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí a rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Nígbà tí ojú bá là, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti sùn, ọ̀nà etí àti ọ̀nà imú yà. Etí ṣì ń ṣọ́nà. Imú kì í pe ẹni tó ni ín.

Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà, Mary Carskadon àti Rachel Herz, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀dọ́ mẹ́fà ni wọ́n mú, ọkùnrin mẹ́ta, obìnrin mẹ́ta. Wọ́n ń fẹ́ òórùn méjì sí wọn nímú lójú oorun: òórùn míǹtì, tó dùn, àti òórùn kẹ́míkà kan tí ń jẹ́ pyridine, tí ń rùn bí ẹja tó ti bàjẹ́. Wọ́n tún ń fi ohùn ẹ̀rọ dún sí wọn létí. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tòògbé, wọ́n ń gbọ́ òórùn náà. Nígbà tí wọ́n wọ oorun àsùnwọra, kò sí ọ̀kankan nínú òórùn méjèèjì tó jí ẹnikẹ́ni. Ohùn ló ń jí wọn. Ènìyàn mẹ́fà kò pọ̀, n kò sì ní purọ́ pé ó pọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tì sí ni pé òórùn kò lè ṣe iṣẹ́ aláàmù fún ọmọ ènìyàn.

Kí ló fà á? Ohun tí ojú rí, ohun tí etí gbọ́ àti ohun tó kan ara, gbogbo wọn ló ń gba ibì kan kọjá nínú ọpọlọ, tí àwọn dókítà ń pè ní thalamus, kí wọ́n tó dé ibi tí a ti ń mọ̀ wọ́n. Ẹ fi wé ẹnu ọ̀nà ààfin tí onílẹ̀kùn jókòó sí. Òórùn ní tirẹ̀, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé èyí wà lára ìdí tí òórùn kì í fi í ta ènìyàn jí. Ẹ má sì rò pé imú kú pátápátá. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní Weizmann Institute ní Ísírẹ́lì fi hàn pé ẹni tó ń sùn máa ń fa èémí sínú púpọ̀ bí òórùn dídùn bá dé, á sì dín èémí kù bí òórùn burúkú bá dé, láìjí. Wọ́n tilẹ̀ fi ohùn kan kún òórùn kọ̀ọ̀kan, nígbà tó sì yá, bí wọ́n bá dún ohùn náà nìkan, imú àwọn tó ń sùn á ṣe bí ẹni pé òórùn ti dé. Ojú wọn kò là. Wọn kò sì rántí nǹkan kan ní òwúrọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò bi mí pé, ata ńkọ́? Bí wọ́n bá da ata sínú epo gbígbóná, ta ni yóò sùn nínú ilé náà? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ata kì í ṣe òórùn lásán. Ó ń ta ni, ó ń jó ni nínú imú àti lọ́fun, iṣan tó ń gbé ìrora ojú àti imú ló sì ń gbé e lọ sí ọpọlọ, kì í ṣe iṣan òórùn. Àwọn ará Jàpáánì kan lo ọgbọ́n yìí. Wọ́n ṣe aláàmù kan tí ń tú wasabi sínú afẹ́fẹ́, ìyẹn nǹkan títa tí wọ́n fi ń jẹ ẹja tútù, kí ó lè jí àwọn adití nígbà tí iná bá ṣẹ́. Ní 2011 wọ́n gba ẹ̀bùn Ig Nobel fún un, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún iṣẹ́ tó kọ́kọ́ pa ènìyàn lẹ́rìn-ín kó tó mú un ronú.

Ẹ óò ní èéfín náà ń ta ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n gáàsì kan wà nínú èéfín tí ń jẹ́ carbon monoxide, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta ni rárá. Dípò kó jí ẹni tó ń sùn, ńṣe ló ń mú kí oorun rẹ̀ túbọ̀ wúwo títí yóò fi dákú. Nítorí náà, ẹni tó bá ń dúró de imú tàbí ọ̀fun láti jí òun ti ń fi ẹ̀mí rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Níbí ní England, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2022, òfin ti sọ pé onílé tó ń gba owó ilé gbọ́dọ̀ fi aláàmù èéfín kan, ó kéré tán, sí ìpele ilé kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn ń gbé. Ó sì gbọ́dọ̀ fi aláàmù carbon monoxide sí yàrá tí ohun tí ń jó iná bá wà, bí ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: òfin náà yọ sítóòfù gáàsì sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ sítóòfù nìkan ló ń lo gáàsì nílé yín, onílé lè sọ pé kò kan òun. Ẹ fi owó ara yín rà á.

Ojú òrìṣà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa ló ń tan àbẹ́là tàbí fìtílà epo, àwọn ará wa tó gba ọ̀nà Cuba wá sì ń tan àbẹ́là inú gíláàsì tí wọ́n ń tà ní botánica, èyí tí ń jó fún ọ̀sẹ̀ kan. Èmi kì í sùn kí iná yẹn wà níbẹ̀. Àwọn kan ní pípa rẹ̀ kò dára. Èrò tèmi ni pé òrìṣà tó gbọ́ wa lọ́sàn-án yóò gbọ́ wa lóru láìsí àbẹ́là, mo sì máa ń tún un tàn bí ilẹ̀ bá mọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí etí. Ní 1960, Ian Oswald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bírítéènì ń ka orúkọ oríṣiríṣi sí etí àwọn tó ń sùn. Orúkọ ẹlòmíràn kọjá lọ bí afẹ́fẹ́. Nígbà tí wọ́n dé orí orúkọ ẹni tó ń sùn gan-an, ọpọlọ rẹ̀ dáhùn. Èyí kò lè ya àwa lẹ́nu, àwa tí ìyá wa kì í fi aago jí, tó jẹ́ pé orúkọ àti oríkì ni wọ́n fi ń pè wá dìde. Àwọn dókítà ọmọdé ní Columbus, ní Ohio, wo ọ̀rọ̀ yìí sí iná ilé. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006 lo ọmọ 24, láti ọdún 6 sí 12. Igbe aláàmù lásán jí 14 nínú wọn. Ohùn òbí tí wọ́n gbà sílẹ̀, tó ń pe ọmọ ní orúkọ tó sì ń sọ fún un pé kó dìde, jí 23. Nígbà tí wọ́n tún kó àwọn ọmọ tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ, tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2018, wọ́n rí i pé bí ìyá pe orúkọ, bí kò sì pe orúkọ, ohùn ìyá náà ń jí ọmọ ju igbe aláàmù lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí mú níbẹ̀ ni pé ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pé aláàmù yóò jí àwọn ọmọ yín. Ẹ̀yin ni yóò jí, ẹ̀yin ni yóò sì lọ jí wọn. Ẹ pinnu rẹ̀ nísinsin yìí, ta ni yóò gbé èyí, ta ni yóò fa èkejì lọ́wọ́.

Ti àwọn àgbà ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn ọ̀pọ̀ aláàmù ilé tín-ín-rín, ó ga sókè, ó tó nǹkan bí 3,100 Hz. Bí ènìyàn bá ti ń dàgbà, ohùn gíga bẹ́ẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kúrò létí. Dorothy Bruck àti Ian Thomas ní Ọsirélíà ṣe ìwádìí lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì rí i pé ohùn tó wálẹ̀, tó nípọn, ti 520 Hz, ń jí àwọn àgbà dáadáa ju èyí tó tín-ín-rín lọ. Èyí ló ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá tí mo sọ lókè. Aláàmù ké lóòótọ́, ọ̀dọ́kùnrin òkè gbọ́ ọ, ìyá tó wà lẹ́bàá rẹ̀ kò gbọ́. Àwọn panápaná Lọ́ńdọ̀nù máa ń wá wo ilé àwọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. A pè wọ́n fún ìyá, a sì sọ fún wọn pé etí wọn kò gbọ́ ohùn gíga mọ́. Aláàmù mìíràn wà tí ń tan iná yànràn, tó sì ní nǹkan tí ń gbọ̀n lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ bèèrè rẹ̀ fún àwọn àgbà yín, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín.

Ọ̀tọ̀ ni kí etí gbọ́, ọ̀tọ̀ ni kí orí pé. Ní 2002, Thomas Balkin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú ọpọlọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ àti thalamus ló kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ wọn padà. Iwájú ọpọlọ, níbi tí a fi ń ro nǹkan tí a sì fi ń pinnu, ló gbẹ́yìn, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, oorun ojú yìí máa ń tó ìṣẹ́jú 15 sí 30, ó sì lè tó wákàtí kan bí wọ́n bá jí ènìyàn nínú oorun àsùnwọra tàbí bí kò bá sùn tó. Lákòókò yẹn, ẹ ti rìn, ẹ ti sọ̀rọ̀, ẹ tilẹ̀ ti dá ènìyàn lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì dé.

Mo ti ṣe iṣẹ́ òru fún ọdún púpọ̀ ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà. Àṣà kan wà láàárín wa níbẹ̀: ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí nínú ìsinmi rẹ̀ kì í fọwọ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù oògùn títí yóò fi mu tíì tán. Mo gbé àṣà yìí wá sílé. Ìgò àgbo mímu àti ìgò òróró tí a fi ń para kò gbọdọ̀ wà lórí tábìlì kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, pàápàá bí wọ́n bá jọra. Ẹ má wọn oògùn ọmọ ní aago mẹ́ta òru kí ẹ tó fi omi bọ́jú, kí ẹ sì tan iná kí ẹ ka ohun tí a kọ sí ara ìgò. Àwọn tí ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ fún ara yín ní àyè díẹ̀. Bí ìpè láti ilé bá sì jí yín lóru, tí ọ̀rọ̀ sì di ọ̀rọ̀ owó, ẹ ní kí wọ́n pè yín padà lọ́sàn-án.

Ojú ní tirẹ̀ máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 30 sí 40 kó tó mọ òkùnkùn tán. Bí ẹ bá tan gílóòbù ńlá lójijì láti lọ tọ̀, ẹ ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, bí ẹ bá sì pa á, ẹ di afọ́jú fún ìgbà díẹ̀. Iná kékeré tó pupa tàbí tó rí bí ọsàn, tó wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀, ló dára. Ìmọ́lẹ̀ fìtílà àtijọ́ gan-an nìyẹn, àfi pé ti iná mànàmáná ni kí ẹ lò.

Ẹ̀jẹ̀ pàápàá ní láti jí. Bí ẹni tó dùbúlẹ̀ bá dìde, ẹ̀jẹ̀ tó ìdajì lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ àti ikùn, ọkàn sì gbọ́dọ̀ sáré láti fà á padà. Bí kò bá tètè fà á, òòyì á kọ́ ènìyàn, ojú á ṣú, á ṣubú. Àwọn dókítà ń kà á sí àìsàn bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá já wálẹ̀ ní 20 lórí nọ́ńbà òkè láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ènìyàn dìde. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú un burú sí i. Omi ìṣápá pupa tí ọ̀pọ̀ wa ń mu náà ń rẹ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń mu méjèèjì gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà rẹ̀. Ẹ jókòó sí etí ibùsùn fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ẹ máa mi ọrùn ẹsẹ̀, ẹ mu omi. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ máa ń foríbalẹ̀ fún òrìṣà bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn, ẹ fi í sí ẹ̀yìn èyí. Láti orí ìforíbalẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń dìde lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì sì ń gbé wọn.

Àwọn kan máa ń jí tí ara kò jẹ́ kí wọ́n mira. Ojú là, wọ́n ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tí ń rìn nínú yàrá, nǹkan wúwo jókòó sí wọn láyà. Ogun òru ni a ń pè é. Ohun tí a mọ̀ ni pé nígbà tí a bá ń lá àlá, ọpọlọ máa ń de ẹran ara kí a má baà fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe ohun tí à ń lá. Nígbà mìíràn, ọkàn á jí kí ìdè náà tó tú, àlá á sì máa bá a lọ lójú tó là. Kì í pẹ́, ìṣẹ́jú àáyá tàbí ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Àwọn tí kò sùn tó, àwọn oníṣẹ́ òru, àti àwọn tí ń fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn ló ń ṣe jù. N kò bá ẹni tó fẹ́ ṣe ẹbọ jà. Mo kàn máa ń kọ́kọ́ bi í pé wákàtí mélòó ló sùn ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí ó bá ń ṣe yín lemọ́lemọ́, tí oorun sì tún ń gbé yín lójijì lọ́sàn-án, ẹ lọ rí dókítà.

Ẹnu ló kù. Itọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sun mọ́ nígbà tí a bá sùn, ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ń gbẹ tó sì ń rùn láàárọ̀, tí oúnjẹ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dùn ní kíákíá. Orin jíjẹ ń pe itọ́ padà. Orin ata ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń ta ahọ́n, ó ń mú kí ètè ṣe ṣìnrìnṣìnrìn, gẹ́gẹ́ bí ata tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ojú sì máa ń là sí i. Obì náà ń jí ni nítorí kaféìnì wà nínú rẹ̀, bí ó ti wà nínú kọfí, ṣùgbọ́n ó tó ààbọ̀ wákàtí kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ kí obì jí òun kí òun tó wakọ̀, kí ó jẹ ẹ́ kó tó wẹ̀, kì í ṣe nígbà tó bá ti jókòó sídìí ọkọ̀. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, orin àti omi tútù tó fún un.